Ẹgbẹ́ balé kan nílẹ̀ Faransé fẹ́ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: kí ni kí á bi wọ́n kó tó tọwọ́ bọ̀wé?

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọjà la sábà ń sọ níbí, ẹ fi àyè gba tèmi lónìí.

Aránṣọ ni mí, ìtòsí ọjà Wàńdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Gbogbo ẹni tó ti wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi ló mọ̀ pé balé, ijó orí ìtàgé, ni mo máa ń wò lórí fóònù bí mo bá ń ránṣọ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Oníbàárà kan ló gbé fọ́tò yẹ̀rì àwọn oníjó yẹn wá, èyí tó ta gbẹrẹgẹdẹ yí ìdí ká bí abọ́, pé kí n rán irú ẹ̀ fún ọmọ òun. Mo wọ YouTube lọ wo bí wọ́n ṣe ń to aṣọ nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ìpele-ìpele tí kò fi ń wó lulẹ̀, mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní. Yẹ̀rì yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bà á jẹ́ kó tó gún.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, ti ń jó láti kékeré nínú ẹgbẹ́ kan nílùú yìí. Ọdún méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Kútọnu ní gbogbo Sátidé láti kọ́ balé, tó ń di ọ̀pá mú, tó ń na ẹsẹ̀. Àwọn kan wá láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n wo oníjó bí ogójì, mẹ́ta péré ni wọ́n mú, òun sì wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà: mẹ́ta fún ìdánrawò, márùn-ún fún ìrìnàjò láti ìlú dé ìlú. Ìwé àdéhùn ojú mẹ́rin, 600 yúrò lóṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣírò ẹ̀: ó ku díẹ̀ kó pé 400,000 sẹ́fà, nílẹ̀ Benin wa tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 52,000. Ó ti ń wá báàgì tí ọmọ á kó ẹrù sí.

Èmi tí gbogbo ilé ń pè ní ìyá balé lẹ̀rù ń bà. Ṣé ẹ ti rí àwọn oníjó yẹn rí lẹ́yìn tí aṣọ ìtàgé bá ti bọ́ sílẹ̀? Ẹ̀rín á ṣì wà lójú wọn, àyà wọn á máa lọ sókè-sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí á bi wọ́n?

Ọmọ Aláketu (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o! Àmọ́ kí ló ń dẹ́rù bà yín? Balé náà là ń ṣe níbí. Ẹgbẹ́ tiwa ti ṣeré dé Pọ́bẹ̀, dé Parakou, ìlù mẹ́rin, obìnrin méjìlá. Owó ò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi kì í pa wá lójú àgbo. Kí ẹ sáà rí i pé onílù tó máa lù fún un mọ iṣẹ́.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

Àbúrò, balé méjì ló wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àwa tó ń gbọ́ Faransé ti sọ ẹgbẹ́ onílù àti oníjó ìbílẹ̀ di balé látìgbà Les Ballets Africains, tí Keita Fodéba ọmọ Gíní dá sílẹ̀ ní Paris níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó sì di ẹgbẹ́ ìjọba wọn lẹ́yìn òmìnira 1958. Èkejì ni ti àwọn òyìnbó, èyí tí wọ́n ń jó lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àafin ọba ló ti jáde: Louis XIV ló dá ilé ẹ̀kọ́ ijó ti ọba sílẹ̀ ní 1661. Àwọn tó fẹ́ mú ọmọ wa ń po méjèèjì pọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi wá síbí.

Mo fi fídíò ìpín kejì *Giselle*, eré balé òyìnbó kan, ránṣẹ́ sí ẹ nínú àpótí. Wò ó, kí o sọ bó ṣe rí lójú ẹ.

Ọmọ Aláketu (Kétu)

Mo ti wò ó. Àwọn obìnrin náà pọ̀, wọ́n wọ funfun, wọ́n tò gbọọrọ bí ègbodò lórí ẹní, gbogbo wọn ń ṣe ohun kan náà. Ó dùn ún wò. Àmọ́ ta ni orin ń bá wí nínú wọn? Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, ìlù ló ń pe ẹsẹ̀. Ìyáàlù á sọ̀rọ̀, ṣaworo ẹsẹ̀ á dáhùn, tí ìlù bá fi òpin sí ọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè, ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á mọ̀ pé eléyìí ò mọ̀ ọ́n jó. Àwọn UNESCO náà rí i, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ogún wọn ní 2008.

Ìbéèrè owó tí ẹ ń béèrè, a kì í bi ara wa níbí. Àwọn ìyá wa la ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún, a kì í jó o gba owó oṣù. Boyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ ohun tí mo lè sọ sí i.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

Orin ń bá wọn wí o. Ẹni tó ń darí àwọn olórin níwájú ìtàgé, ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Tí àdánìkànjó bá fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ìka, orin á dúró dè é. Tìlù tìlù ni tiyín, tẹsẹ̀ tẹsẹ̀ ni tiwọn.

Níwọ̀n bí o ti wo *Giselle*, jẹ́ kí n sọ tinú mi. Láti 1841 ni wọ́n ti ń jó o, òun sì ni mo fẹ́ràn ju *Swan Lake* lọ. Àwọn èèyàn máa ń wo *Swan Lake* nítorí ibi tí pẹ́pẹ́yẹ dúdú ti ń yí ní ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ kan. (Mo mọ̀ pé kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ gan-an, ẹ má dá mi lóhùn.) Gbogbo ilé á máa kà á, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, bí ẹni ń ka owó. Tó bá ti di kíkà, ijó ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú *Giselle*, ọmọbìnrin tó ti kú jáde látinú sàréè, ó kọjá láì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ti sá eré lórí pákó rí á mọ ohun tí èèyàn ń jẹ lára kí ẹsẹ̀ tó lè dákẹ́.

Kókósẹ̀-Òsì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Tàǹtí, ó pẹ́ tí mo ti ń ka nǹkan níbí tí mi ò sọ̀rọ̀. Lónìí ó kàn mí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jó nínú ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n gbà wá fún àjọ̀dún kan lókè òkun. Eré mọ́kànlá, iye báyìí fún eré kan, bí ìwé ṣe sọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdánrawò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ṣe é kí á tó kúrò nílé, àárọ̀ ṣúlẹ̀, abọ́ gààrí àti ẹ̀wà kan lọ́sàn-án, kò sí kọ́bọ̀ kan lórí ẹ̀. Tí ẹ bá pín owó eré mọ́kànlá sí gbogbo ọjọ́ tí a fi ṣiṣẹ́, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá gbà jù wá lọ.

Ní eré kẹrin, pákó ni wọ́n tò sórí irin fi ṣe ìtàgé, wọ́n wá na rọ́bà dúdú lé e lórí. Àlàfo kan wà láàárín pákó méjì, kò fẹ̀ ju gìgísẹ̀ lọ. Mo fò. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára: ó dún kẹ́kẹ́, bí igi ìdáná tí èèyàn ṣẹ́ lórí orúnkún. Mo jó títí orin fi parí, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Lẹ́yìn ìtàgé, obìnrin kan tó ń dáná fún wa gbé àpò ẹ̀wà tútù kan tó dì gbagidi látinú fíríìjì, ó fi lé e. Òun nìkan ló tọ́jú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, olórí ẹgbẹ́ ní eré méje tí mi ò ní lè jó mọ́, owó wọn ò sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé. Pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa wà nínú báàgì ẹ̀.

Mo ń ta káàdì mo sì ń ṣe MoMo nítòsí ibùdókọ̀ báyìí. Òjò kì í bá mi lójijì, kókósẹ̀ mi á ti sọ ọ́ kí ó tó ṣú lórí òkè Ṣábẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n: ṣé owó ìdánrawò wà, àbí ti eré nìkan? Tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, ta ló ń sanwó oníṣègùn, owó oṣù ọmọ á sì máa wọlé àbí á dúró? Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti rà á kó tó gbéra? Pásípọ́ọ̀tù, kó wà lára ẹ̀. Tó bá ń sùn, kó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọmọ Aláketu (Kétu)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a tún rí irú ẹ̀.

Òdodo-Korò (Ìṣàkẹ́tẹ̀)

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ọmọ tó ti gba bàkí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ fẹ́ kó lọ máa gbé ẹsẹ̀ sókè níwájú òyìnbó. Kí ló kàn wá nínú ijó wọn? Kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Àmọ́ ó kàn wá láti ọjọ́ pípẹ́. Germaine Acogny tí gbogbo ayé ń pè ní ìyá ijó Áfíríkà òde òní, Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n bí i sí, ní 1944. Sẹ̀nẹ̀gàl ló dàgbà sí. Nígbà tí Senghor, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà, àti Maurice Béjart, gbajúmọ̀ aṣètò ijó ọmọ Faransé, dá ilé ẹ̀kọ́ ijó Mudra Afrique sílẹ̀ ní Dakar ní 1977, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀. Ní 1998 ó dá École des Sables tirẹ̀ sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, létí òkun, níbi tí oníjó láti gbogbo Áfíríkà ti ń kọ́ṣẹ́. Ní 2021, àjọ̀dún Venice ní Ítálì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo jáde síta, mo sọ fún ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ṣé ìbátan mi ni.

Mo fẹ́ kí ẹ wo *The Rite of Spring* ti Pina Bausch tí àwọn ọmọ Áfíríkà jó. Obìnrin ará Jámánì yẹn ṣe ijó náà ní 1975, orí erùpẹ̀ gidi tí wọ́n dà sí ìtàgé ni wọ́n ti ń jó o. École des Sables kó oníjó láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 14 jọ fún un. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣí i ní Dakar ní Oṣù Kẹta 2020 ni kòrónà dé, gbogbo nǹkan fọ́. Kí wọ́n tó túká, wọ́n jó o létí òkun, wọ́n ya fídíò ẹ̀. Oòrùn ń wọ̀, iyanrìn ń fò, aṣọ kò dì mọ́ ara dáadáa. Ní tèmi, kò sí ilé ìṣeré tó lè fún mi ní irú ẹ̀ mọ́. 2021 ni ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì wò ó, ìbéèrè mìíràn jáde níbẹ̀: tí eré bá fọ́ láìjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ oníjó, ṣé wọ́n á sanwó? Mo ti kọ ọ́ mọ́ ti Kókósẹ̀.

Òdodo-Korò (Ìṣàkẹ́tẹ̀)

Mi ò mọ̀ pé ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Síbẹ̀, kó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ ọn.

Ará-Montreuil (ọmọ Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Faransé)

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, ẹ kúulé. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mi ò kì í ṣe oníjó, ṣùgbọ́n 600 yúrò yẹn ń dà mí láàmú.

Ẹ má fi sẹ́fà ṣírò ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù níbí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ, tó nǹkan bí 1,400. Yàrá kékeré kan létí Paris lè gbé gbogbo 600 yẹn mì kó tún máa wo yín lójú. Ẹ wo inú ìwé náà dáadáa: kí ni wọ́n pe owó náà? Ṣé *salaire* (owó oṣù) ni wọ́n kọ, àbí *cachet* (owó eré kọ̀ọ̀kan), àbí *indemnité* (owó gbà-máà-bínú), àbí *défraiement* (owó oúnjẹ àti ọkọ̀)? Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ru gbogbo ẹrù. Òfin ilẹ̀ yìí ka oníjó tí èèyàn gbà fún eré sí òṣìṣẹ́ agbowó-oṣù, orúkọ yòówù kí wọ́n fún owó náà. Àmọ́ tí kò bá sí ìwé owó oṣù lọ́wọ́ ẹ̀, ta ló fẹ́ bá a jà á nígbà tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́? Ìwé owó oṣù yẹn náà ló ń fa asuráǹsì ìjàǹbá ibi iṣẹ́ wá. Wákàtí ìdánrawò, wákàtí iṣẹ́ ni. Àwọn oníjó ibí ń ka wákàtí wọn bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, torí wọ́n gbọ́dọ̀ ní 507 láàárín oṣù méjìlá kí wọ́n tó lè gba owó ìrànwọ́ nígbà tí kò bá síṣẹ́.

Ẹ má rò pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá ò jìyà. Ọjọ́ 24 Oṣù Kejìlá 2019, mẹ́tíró ò ṣiṣẹ́ nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo dé iwájú Palais Garnier, ilé ìṣeré Opera Paris, èrò kún bámú. Àwọn obìnrin Opera Paris wà lórí àtẹ̀gùn nínú òtútù, wọ́n wọ yẹ̀rì funfun, apá àti ọrùn níta, wọ́n ń jó *Swan Lake*. Àwọn olórin wọ kóòtù, wọ́n ń lù. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni ìjọba fẹ́ yí padà. Ọmọ ọdún 42 ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì, ètò yẹn sì wà láti 1698. Ìjọba ní kí àwọn tó wà níṣẹ́ máa jẹ tiwọn lọ, pé àwọn tí wọ́n bá gbà láti 2022 nìkan ni òfin tuntun á mú. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ tán kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má rí nǹkan jẹ. Mo dúró títí wọ́n fi tẹrí ba. Òtútù ti mú ẹsẹ̀ mi kú, tèmi tí mo wọ bàtà.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

O wà níbẹ̀! Mo ti wo fídíò yẹn bí ogún ìgbà, kí ni ìdí tí o ò fi sọ fún wa látọjọ́ yìí?

Ó di dandan kí n bi ọ́: ṣé o ti rí Guillaume Diop lójú? Èyí tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n sọ di *étoile* (ìràwọ̀, ipò oníjó tó ga jù) ní Seoul ní Oṣù Kẹta 2023 lẹ́yìn *Giselle*. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní Opera Paris. Ipò márùn-ún ló wà níbẹ̀, *quadrille*, *coryphée*, *sujet*, *premier danseur*, kí ó tó kan *étoile*. Láti *sujet* ló fò gba orí kẹrin kọjá. Mo pariwo débi tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi fi abẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀.

Ará-Montreuil (ọmọ Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Faransé)

Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ẹ̀. Ìjókòó olówó pọ́ọ́kú ni mo rà, òpó bo apá òsì ìtàgé. Tó bá ti fò lọ sí òsì, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Mo máa ń dúró dè é ní ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n, èèyàn yẹn kì í yára sọ̀ kalẹ̀.

Olùtọ́jú-Iṣan (Kútọnu)

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú iṣan àti oríkèé, mo sì ń rí ẹsẹ̀ oníjó lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá lẹ́yìn ọdún àti àjọ̀dún.

Ohun méjì. Àkọ́kọ́, ọdún méjì, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kò tó láti gun orí ìka. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ balé láti ọdún mẹ́fà, mẹ́jọ, nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sí méjìlá ni wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kókósẹ̀ ti lágbára nígbà yẹn. Tí ẹgbẹ́ yẹn bá ní àwọn fẹ́ gbé e gun orí ìka láàárín oṣù mẹ́ta, kó sọ pé rárá. Ẹ bi wọ́n kí ẹ mọ̀. Àwọn èèyàn rò pé igi tàbí irin ló wà nínú bàtà yẹn. Aṣọ, páálí àti gọ́ọ̀mù ni. Òógùn á mú un rọ̀. Oníjó ńlá lè pa bàtà méjì jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ní òun ni yóò máa ra tirẹ̀, owó oṣù yẹn ti lọ.

Èkejì ni ilẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ di mú jù. Ilẹ̀ ijó tó dára, pákó ni, àlàfo wà lábẹ́ ẹ̀ kí ó lè mì díẹ̀ tí èèyàn bá sọ̀. Sìmẹ́ǹtì àti táìsì ò mì, eegun iwájú ẹsẹ̀ ló ń gba gbogbo ẹ̀. Kì í fọ́ lọ́jọ́ kan bíi ti Kókósẹ̀. Ó ń ya díẹ̀díẹ̀, oníjó á sọ pé ó kàn ń dùn òun ni, títí ọjọ́ tí kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ bi wọ́n pé orí kí ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò.

Oníbọ́dà-Sẹ̀mẹ̀

Mo máa ń ná ọjà Èkó. Ní Àjàngbàdì, ilé ìwé balé kan wà níbẹ̀ tí Daniel Ajala dá sílẹ̀ ní 2017, Leap of Dance, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin Anthony Madu ti jó nínú òjò ní 2020, láìwọ bàtà, tí gbogbo ayé wò ó. Ó ti lọ kọ́ ọ ní Birmingham. Mo ń sọ ọ́ kí Bàbá Òdodo lè mọ̀ pé ọkùnrin náà ń jó o.

Olùtọ́jú-Iṣan (Kútọnu)

Mo wò ó nígbà yẹn. Gbogbo èèyàn ń wo ọmọ, èmi ń wo sìmẹ́ǹtì.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

Níwọ̀n bí ẹ ti mẹ́nu kan bàtà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí aránṣọ. Bàtà yẹn, àwọ̀ ara òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é látọjọ́ aláyé ti dáyé, kí ẹsẹ̀ lè gùn lójú ẹni tó ń wò. Oníjó aláwọ̀ dúdú á jókòó ní wákàtí kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á máa fi àtíkè ojú pa sáténì. Dance Theatre of Harlem, ẹgbẹ́ balé kan ní Amẹ́ríkà tí Arthur Mitchell dá sílẹ̀ ní 1969, ti ń pa tiwọn láró láti àwọn ọdún 1970. Ọdún 2018 ni Freed, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà balé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gbé àwọ̀ ara wa jáde, òun àti ẹgbẹ́ Ballet Black. Ẹ wo bí ọdún ti pọ̀ tó láàárín. Mo ti fi tíì pa sáténì láró rí, ó gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n òógùn ń jẹ ẹ́.

Ará-Montreuil (ọmọ Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Faransé)

Kó béèrè ìyẹn náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Chloé Lopes Gomes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ balé ìjọba ní Berlin, ó wọlé ní 2018. Ó sọ síta ní 2020 pé wọ́n ní kí òun fi àtíkè funfun kun ara fún *Swan Lake*, àti ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n fi 16,000 yúrò parí ẹ̀, wọ́n fi ọdún kan kún iṣẹ́ ẹ̀. Ó níwèé àdéhùn lọ́wọ́ ló fi rí ibi dúró sọ̀rọ̀.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin o. Ìdáhùn ti dé. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló kọ lẹ́tà, èmi ni mo jókòó tì í.

Owó ìdánrawò wà. Yàrá wà, ọ̀fẹ́, àwọn mẹ́ta nínú ilé kan. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, àwọn ló ń rà á. Wọn ò ní gbé e gun orí ìka. Bàtà, àwọn ló ń rà á, àwọ̀ tó bá fẹ́. Lórí eré tó bá fọ́, wọn ò sọ nǹkan kan, bí ẹni tí kò rí ìbéèrè náà. Orí ilẹ̀, wọ́n ní “yàrá ìjó tó bá ìgbà mu”.

Àmọ́ ibi tí Ará-Montreuil fọwọ́ sí gan-an ni egbò wà: *indemnité* ni wọ́n kọ síwájú 600 yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé nítorí ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ fi ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́. Mo gbé fóònù fún un, mo ní kó ka ohun tí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kọ. Ó kà á tán, kò sọ̀rọ̀, ó lọ wẹ̀.

Ará-Montreuil (ọmọ Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Faransé)

Kó dá ìwé náà padà. Kó kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó dúpẹ́, kó ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ *salaire*, kí wọ́n sì fi ìwé owó oṣù sí i. Tó bá jẹ́ èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n á ṣe é. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ọmọ-Inú-Ijó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin bàbá. Èmi ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀. Tàǹtí mi ò mọ̀ pé mo ti ń kà á láti ọjọ́ kìíní.

Wọ́n ti fi ìwé tuntun ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. *Salaire* ló wà níbẹ̀ báyìí, owó náà ti kúrò ní 600, wọ́n gbé e dé iye tó kéré jù lábẹ́ òfin ibẹ̀. Tí eré bá fọ́, ìdajì owó. Ẹni tó kọ ọ́ ní àṣìṣe akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo tún ṣe ohun kan tí ẹ ò sọ fún mi: mo wá oníjó méjì tó jó nínú eré wọn tó kọjá, mo kọ̀wé sí wọn. Ọ̀kan ò dáhùn. Èkejì ní wọ́n ń sanwó lásìkò, olórí wọn ń pariwo ṣùgbọ́n kì í búni, oúnjẹ dára. Ó wá ní yàrá ìdánrawò wọn, táìsì ni.

Olùtọ́jú-Iṣan (Kútọnu)

Mo mọ̀. “Tó bá ìgbà mu.” Ọmọ mi, béèrè bóyá wọ́n lè tẹ́ pákó sí i tàbí kí wọ́n wá yàrá mìíràn fún àwọn ọjọ́ tí fífò bá pọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, máa ṣe èyí tó ní fífò nínú bàtà onírọ́bà, kì í ṣe láìwọ bàtà, kí ilẹ̀ mọ́ kí o tó fò. Wá rí mi ní Kútọnu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ wo eegun iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì kí o tó lọ, kí a lè mọ èyí tí o gbé kúrò nílé yàtọ̀ sí èyí tí o máa kó bọ̀. Mi ò ní gbowó.

Kókósẹ̀-Òsì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Àbúrò, kó o tó fò lórí ìtàgé èyíkéyìí, bọ́ bàtà, fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn ín já láti igun dé igun. Ibi tí rọ́bà bá ti jìn díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tí wọ́n bá ní o ń fi àkókò ṣòfò, ní ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan ló rán ọ.

Ọmọ-Inú-Ijó (Àjàṣẹ́)

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Tàǹtí ń rán àpò kékeré kan tí màá fi so pásípọ́ọ̀tù mọ́ ìdí. Ó ti fi àyè ṣọ́ọ̀kì sí i.